Àlejò Tí Ó Di Ìyá ní Kúdẹtì

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Ní agbègbè Ìkìrun, Ìnísà, Òkukù àti Èkó-Ẹndẹ, bí wọ́n bá gbọ́ pé ọmọ ẹnìkan ti lọ sí òkè òkun, owó tí yóò máa fi ránṣẹ́ ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ará ilé lọ́kàn. Ṣùgbọ́n irú arìnrìn-àjò mìíràn wà tí kò wá owó lọ. Èyí ni onígbàgbọ́ tí ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti lọ gbé láàárín àwọn tí kò mọ̀ rí, kí ó lè ṣe iṣẹ́ ìsìn fún wọn. Nígbà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń dágbére, ìbéèrè méjì ni ìyá rẹ̀ máa ń bi í: kí ni yóò máa jẹ, ta ni yóò sì tọ́jú rẹ̀ bí àìsàn bá dé? Ìdáhùn sí ìbéèrè méjèèjì wà nínú ìgbé ayé obìnrin kan tí òun ti òkè òkun wá sí ilẹ̀ Yorùbá ní ohun tí ó lé ní ọgọ́jọ ọdún sẹ́yìn. Anna Hinderer ni orúkọ rẹ̀.

Ní ọdún 1827 ni wọ́n bí i ní Hempnall, ní agbègbè Norfolk, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ní ìlú Lowestoft, lọ́dọ̀ àlùfáà kan tí ó gbà á sílé, ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ tálákà ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1852 ni ó fẹ́ David Hinderer, ará Jámánì tí ó jẹ́ òjíṣẹ́ C.M.S., tí ó sì ti kọ́kọ́ dé Ìbàdàn ní ọdún 1851. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1853, tọkọtaya náà gúnlẹ̀ sí Èkó. Ibà ni ó kí ìyàwó káàbọ̀. Bí ara rẹ̀ ṣe kọ́fẹ padà díẹ̀, wọ́n gba Abẹ́òkúta kọjá, wọ́n sì wọ Ìbàdàn ní oṣù kẹrin.

Ìlú jagunjagun ni Ìbàdàn nígbà náà. Wọn kò rí òyìnbó obìnrin rí, nítorí náà, èrò ya wá wò ó. Ní Kúdẹtì ni wọ́n kọ́ ilé àti ilé ìjọsìn wọn sí, ilé amọ̀ bíi ti àwọn aládùúgbò. Ní ìlú tí ogun jẹ́ iṣẹ́, kì í ṣe gbogbo òbí ni yóò fẹ́ fi ọmọ sílẹ̀ fún ìwé. Síbẹ̀, ìjòyè kan, Olúnlọ́yọ̀ọ́, fi ọmọ rẹ̀ méjì, Akínyẹlé àti Yéjídé, sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé wọn, títí kan àwọn ọmọ tí wọ́n rà padà kúrò lóko ẹrú.

Báyìí ni iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ṣe rí: àdúrà òwúrọ̀, ìwé kíkà, orin kíkọ, aṣọ rírán, ìtọ́jú aláìsàn, oúnjẹ gbogbo ilé. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tí ó mọ̀, àwọn ọmọ náà sì ń fi èdè Yorùbá sí i lẹ́nu. Kò bí ọmọ kankan, ṣùgbọ́n ìyá ni gbogbo ilé ń pè é. Kì í ṣe pé kò ní àléébù tirẹ̀. Bíi ti àwọn òyìnbó ìjọ ìgbà náà, òkùnkùn lásán ni ó ka ẹ̀sìn àbáláyé sí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń ṣe é wà lára àwọn tí ó gbà á lálejò.

Ní ọdún 1860, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Ìjàyè. Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, ọ̀nà Abẹ́òkúta àti ti Ìjẹ̀bú sì dí. Ẹrù kò lè ti Èkó dé mọ́, owó ẹyọ tán nílé. Ìjàyè fọ́ ní ọdún 1862, ṣùgbọ́n ọ̀nà kò là. Tọkọtaya náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta aṣọ wọn, wọ́n ta ohun èlò ilé, wọ́n ta agolo òfìfo. Iṣu àti ẹ̀wà díẹ̀ ni wọ́n ń jẹ. Àwọn ìgbà kan wà tí ebi pa Anna débi pé ẹkún ni ó fi sùn bí ọmọdé.

Níbí ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìyọ̀ǹda ti yí padà. Ẹni tí ó wá láti fún ni kò ní ohunkóhun láti fún ni mọ́. Ọjà Ìbàdàn tí ó ra agolo rẹ̀ ni ó gbà á lọ́wọ́ ikú. Ebi ìlú di ebi rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó tún lè pè é ní àlejò lẹ́yìn ìyẹn.

Ẹlòmíràn wà nínú ilé náà tí ìtàn kì í sábà dúró tì. Dáníẹ́lì Olúbí bá wọn wá láti Abẹ́òkúta. Ẹ̀gbá ni, Ẹ̀gbá sì ni Ìbàdàn ń bá jà. Bí Anna bá jẹ́ àlejò, ọmọ ọ̀tá ni tirẹ̀. Kò sí òkun láàárín òun àti ilé bàbá rẹ̀, àmọ́ ogun wà níbẹ̀, ogun sì máa ń jìnnà ju òkun lọ. Síbẹ̀, kò kúrò.

Ní ọdún 1865, Glover, tí ó jẹ́ olórí ìjọba Èkó, rán Captain Maxwell gba ọ̀nà inú igbó wá gbé wọn. Ibùsùn aṣọ tí àwọn ènìyàn ń fi èjìká rù ni wọ́n gbé wá fún Anna, nítorí àìsàn ti sọ ọ́ di aláìlágbára. Òru ọjọ́ yẹn gan-an ni ó gbọ́dọ̀ lọ, kí ọ̀tá má baà gbọ́. Ọkọ rẹ̀ dúró, nítorí kò sí ẹni tí yóò fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́. Ìyá fi àwọn ọmọ sílẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Ìpinnu wo ni ó tún le ju èyí lọ? Bí ó bá dúró, ikú. Bí ó bá lọ, ọmọ ẹni.

Ó lọ, ó sì padà wá. Ní ọdún 1866, ọdún tí ìwé *Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́* tí David túmọ̀ jáde, àwọn méjèèjì tún gbéra padà sí ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1869, àìlera mú kí wọ́n kúrò pátápátá. Oṣù kẹfà ọdún 1870 ni Anna kú ní Norfolk, ọmọ ọdún 43. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ìwé tí wọ́n kó jọ láti inú àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde ní London. Olúbí tí kò lọ ibì kankan ni ìjọ Ìbàdàn bọ́ sí lọ́wọ́. Lábẹ́ àbójútó rẹ̀ ni ìjọ náà wà nígbà tí ogun Jálumi jà ní Ìkìrun ní ọdún 1878.

Nítorí náà, ìyá tí ń bi ọmọ rẹ̀ léèrè ní ibùdókọ̀ Ìkìrun tàbí ti Òkukù kò ṣe àṣejù. Ohun tí àwọn ará ibẹ̀ bá ń jẹ ni ọmọ náà yóò máa jẹ. Bí àìsàn bá dé, àwọn tí ó lọ sìn ni yóò wẹ̀ ẹ́, tí wọn yóò sì bu omi fún un mu. Kí ó mọ èyí kí ó tó gbé àpò rẹ̀. Kí ó kọ́ èdè wọn, kí ó sì kọ́ bí a ti ń sọ pé ẹ ṣeun kí ó tó kọ́ bí a ti ń wàásù.