Ohùn Ìsàlẹ̀ Nínú Orin

Nígbà tí ilé bá parí, àwọn tí ó wá kí onílé a máa yin òrùlé, wọ́n a sì máa yin fèrèsé. A kò tí ì rí ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti yin ìpìlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí fún ẹni tí ń ta jìtá béèsì láàrin àwọn olórin. Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ń ka ìwé yìí, ó ti pẹ́ tí àwọn olórin ti ń bá ara wọn jiyàn lórí ọ̀rọ̀ kan: kí ni ń sọ ènìyàn di ọ̀gá nídìí jìtá yìí? Ṣé ìka tí ó yá ni, tàbí etí tí ń tẹ́tí sí orin? Àwa pẹ̀lú ti wà nínú iyàn náà, ìtìjú ni ó sì kọ́ wa ní ìdáhùn rẹ̀.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a sọ ohun tí jìtá béèsì jẹ́ fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Okùn mẹ́rin tí ó nípọn ni ó ní, ohùn wọn sì fi ìwọ̀n dó sí dó lọ sílẹ̀ ju ti àwọn okùn mẹ́rin ìsàlẹ̀ lára jìtá lásán lọ. Láyé àtijọ́, ohun-èlò gìrìwò kan tí ó ga ju ènìyàn lọ ni àwọn olórin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń lò fún iṣẹ́ yìí, ìdúró ni wọ́n sì ń ta á. Ní ọdún 1951 ni Leo Fender, ará Kalifóníà, mú jìtá béèsì tí ń lo iná mànàmáná jáde fún títà, èyí tí ènìyàn lè gbé kọ́ èjìká. Iṣẹ́ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ẹsẹ̀ tí ń tẹ pátákó ìsàlẹ̀ dùùrù ńlá ní ṣọ́ọ̀ṣì: òun ni ó ń so ìlù pọ̀ mọ́ ohùn, òun ni ó sì ń sọ fún akọrin ibi tí dó wà.

Ní ọdún 1996, a jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, a sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ní ìlú wa. Bàbá àgbà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń kọ ohùn béèsì fún ogójì ọdún ó lé. Àwọn ni wọ́n kọ́ wa ní dó-rè-mí, tí wọ́n ń fi ọ̀pá tọ́ka sí i lára pátákó títí a fi lè kà á bí ẹni ń ka ábídí. Ṣùgbọ́n ní àkókò tí a ń wí yìí, ọkàn wa kò sí lọ́dọ̀ wọn mọ́. Ọ̀rẹ́ wa kan ti yá wa ní kásẹ́ẹ̀tì Jaco Pastorius, ará Amẹ́ríkà tí a bí ní ọdún 1951, ẹni tí ó yọ àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ kúrò ní ọrùn jìtá rẹ̀ kí ohùn rẹ̀ lè máa yọ̀ bí ohùn ènìyàn. Nínú àwo tí ó ṣe ní ọdún 1976, orin àkọ́kọ́ kò ní ju jìtá béèsì àti ìlù lọ, ìka rẹ̀ sì ń sáré níbẹ̀ bí ẹni pé ẹyẹ ni. Wákàtí mẹ́ta ni a fi ń kọ́ irú rẹ̀ lójoojúmọ́, títí ìka wa fi bó.

Ní ọdún kan náà ni bàbá àgbà yìí kú. Ní ọjọ́ ìsìnkú, ṣọ́ọ̀ṣì kún dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí ó yá, aya wọn dìde láti dá orin tí bàbá fẹ́ràn jù. Ohùn màmá kéré, ó sì ń gbọ̀n, gbogbo ènìyàn sì dákẹ́ láti gbọ́ ọ. Àwa rò pé ọjọ́ àtibọ̀wọ̀ fún olùkọ́ wa dé, pé gbogbo ohun tí a mọ̀ ni ó yẹ kí a fi bọ̀wọ̀ fún wọn. A fi ìka sáré lọ sókè, a sáré wá sílẹ̀. Níbi tí orin bá ti fẹ́ mí, a dí àlàfo rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ bojú wẹ̀yìn, wọ́n rẹ́rìn-ín ìyìn sí wa. Nígbà tí a dé ẹsẹ kẹta, màmá ṣìnà, wọ́n wá ohùn tì, wọ́n sì jókòó. Ẹgbẹ́ akọrin ni ó bá wọn parí orin náà.

Kò sí ẹni tí ó bú wa. Lẹ́yìn ìsìn, ọ̀gá akọrin fi ọwọ́ lé wa léjìká, wọ́n ní, “Ọmọ mi, gbogbo wa ni a gbọ́ ọ lónìí. Ìyá náà nìkan ni a kò gbọ́.” Wọ́n sì lọ bọ́ aṣọ akọrin wọn. Oorun kò kùn wá ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Ní ọjọ́ kẹjọ, a lọ dọ̀bálẹ̀ fún màmá nílé, a sì bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní, “Dìde, ọmọ mi, n kò bínú. Ogójì ọdún ni mo ti ń kọ orin yẹn, ohùn bàbá rẹ a sì máa wà lẹ́yìn mi. Mo ń dúró dè é ni.” Wọ́n wọ yàrá, wọ́n mú ìwé orin dó-rè-mí bàbá jáde, wọ́n ní kí a lọ gbé jìtá wa wá kí a ta ìlà ìsàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti kọ ọ́. A kò gbé ẹ̀rọ agbóhùnsókè dání. Jẹ́jẹ́ ni jìtá náà ń dún, tí a fi ń gbọ́ èémí màmá. A wá ṣàkíyèsí pé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ kẹta, bàbá ti fi pẹ́ńsù kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: “Rọra.” A béèrè ìdí rẹ̀. Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ibẹ̀ ni èémí mi máa ń kúrú sí. Bàbá mọ̀.”

À, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa! Nínú gbogbo ọdún tí a fi jókòó lẹ́yìn bàbá yìí, a rò pé ohùn ara wọn nìkan ni wọ́n ń gbọ́. A ta orin náà, màmá sì kọ ọ́ já, ẹsẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ẹ má ṣe rò pé a fẹ́ yin àìmọ̀, tàbí pé kí ọmọdé má ṣe fi ìka rẹ̀ kọ́ iṣẹ́. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ni a gbọ́ nípa James Jamerson, ọmọ South Carolina, tí a bí ní ọdún 1936, tí ó sì lọ sí ìlú Detroit ní ọdún 1954. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi ta jìtá fún ilé-iṣẹ́ àwo Motown, ìka kan ṣoṣo tí ó tẹ̀ lé àtàǹpàkò ni ó sì fi ń ta á. Àwọn tí ń ra àwo kò mọ orúkọ rẹ̀, nítorí a kì í sábà kọ orúkọ irú wọn sí ara àwo nígbà náà. A kọ tirẹ̀ sí ara àwo tí Marvin Gaye ṣe ní ọdún 1971. Ó kú ní ọdún 1983, ọdún 2000 ni Rock and Roll Hall of Fame sì tó kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn ọlọ́lá. Ohun tí ó ń ta kò rọrùn rárá: a máa fo ibi tí a rò pé yóò tẹ̀, a sì máa bọ́ sí àárín ìlù méjì. Síbẹ̀, bí a bá gbọ́ orin náà tán, ọ̀rọ̀ akọrin ni ó ń bá wa lọ sílé. Pastorius pẹ̀lú, nínú àwo Hejira tí Joni Mitchell ṣe ní ọdún 1976, a máa bá akọrin náà sọ̀rọ̀ bí ẹni ń dá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lóhùn. A kò tí ì gbọ́ èyí nígbà tí a ń bó ìka wa.

Àwọn onílù dùndún ilẹ̀ wa ti mọ ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ìyáàlù ni ń ki ènìyàn, òun ni a ń náwó fún. Gúdúgúdú tí a fi okùn kọ́ ọrùn, tí a ń fi awọ méjì lù, kì í kúrò ní ipò rẹ̀. Ọrùn-ọwọ́ ẹni tí ń lù ú ní láti yá gidigidi, ṣùgbọ́n ìyáàlù ni ó ń yá fún.

Nítorí náà, ìdáhùn wa sí iyàn náà nìyí: ìka tí kò mọ iṣẹ́ kò lè ran orin lọ́wọ́ bí ó tilẹ̀ fẹ́, ìka tí ó mọ iṣẹ́, tí kò sì ní etí, a máa gba orin lọ́wọ́ olórin. Màmá ti lọ bá bàbá ní ọdún 2004, ìwé náà sì wà lọ́wọ́ wa. Ọmọ èyíkéyìí tí ó bá wá kọ́ jìtá lọ́dọ̀ wa, ojú ewé yẹn ni a kọ́kọ́ ń ṣí fún un, a ó sì bi í pé ta ni ọ̀rọ̀ pẹ́ńsù náà wà fún. Púpọ̀ nínú wọn a ní ẹni tí ń ta jìtá ni. A ó fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa ta á, títí wọn yóò fi bi wá pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ta ni ó ń kọrin?”