Ọjọ́ Àìkú Méjì ní Kútọnu

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní ọdún 1977, Surulere ní Èkó ò gba èrò. Ọjọ́ náà ni wọ́n ṣí FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, ní pápá ìṣeré ńlá ibẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì, ọjọ́ Àìkú, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ni báàlù kan balẹ̀ sí Kútọnu ní orílẹ̀-èdè Benin. Bob Denard, ará Faransé, kó àwọn ọmọ ogun àgbàṣe wá láti lé Ààrẹ Mathieu Kérékou kúrò lórí àlééfà. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti sá lọ, wọ́n sì gbàgbé àwọn ìwé tó tú àṣírí wọn.

Ológun ló ń ṣèjọba níhìn-ín àti lọ́hùn-ún nígbà náà, síbẹ̀ àárín wa tutù. Èkó yìí náà ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ECOWAS lọ́dún 1975. Ìyá ẹlẹ́wà àgànyìn láti ọ̀hún ń kiri ní Mushin, ata díńdín rẹ̀ dúdú kirimú, epo léfòó lórí rẹ̀. Ta ló ń bi í léèrè ẹni tó gorí oyè nílé? Ará àdúgbò ni.

Ọdún 1984 ló kọ́kọ́ ba àárín wa jẹ́. Buhari tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba níhìn-ín ti ẹnubodè pa, ó di 1986 kó tó ṣí. Nígbà tó padà dé pẹ̀lú ìbò, ó tún tì í ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, títí di ìparí 2020. Mi ò tíì rí ohun tí ìyà yẹn rà fún wa.

Ọjọ́ Àìkú kejì ni ọjọ́ keje oṣù kejìlá ọdún 2025. Àwọn ṣọ́jà yọ sórí tẹlifíṣọ̀n ní Kútọnu, wọ́n ní àwọn ti yọ Ààrẹ Patrice Talon. Ìjọba rẹ̀ ké sí Abuja, báàlù ogun Nàìjíríà sì débẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ìdìtẹ̀ náà forí ṣánpọ́n. Mo yọ̀, tọkàntọkàn ni. Àwa náà mọ ohun tí ìjọba ológun fojú wa rí.

Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) láti Yaba, ó ń ti ọwọ́ ọlọ́pàá bọ́ sọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù, ti ìmígíréṣọ̀n ń dúró níwájú, owó sì ń jáde lápò rẹ̀ títí dé ẹnubodè Sèmè. Abuja tó gbọ́ igbe Kútọnu lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọ̀nà Badagry ni mo fẹ́ kó yíjú sí báyìí.