Alùpùpù àti Ìyá Àwọn Ọmọ Wa

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó sábà máa ń wá bá wa pé, "Àáfà, ohun tó dára ni mo fẹ́ ṣe, ìyàwó mi ló ní òun kò gbà." Dípò kí a wàásù fún wọn, ìtàn ara wa ni a máa ń sọ. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ fún ẹ̀yin náà.

Ní ọdún 2008, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni à ń gbé, ibẹ̀ náà ni a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú. Ṣùgbọ́n a tún ní akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìsẹ̀ àti ní Emùré, ọ̀dọ̀ wọn ni a sì ń lọ ní Sátidé àti Sọ́ńdè. Bí a bá dé ibùdókọ̀ láàárọ̀, a ó jókòó títí ọkọ̀ yóò fi kún. Bí ọkọ̀ tó gbẹ̀yìn bá sì ti lọ nírọ̀lẹ́, ó di kí a sun Emùré. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí a sun ibẹ̀, ibà mú àbígbẹ̀yìn wa nílé, ìyá rẹ̀ nìkan ló gbé e dé ilé ìwòsàn. Nígbà tí a délé tí a gbọ́, a pinnu pé a ó ra alùpùpù.

Ìyá àwọn ọmọ wa ní láéláé. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ti ṣubú lórí ọ̀kadà ní ọdún díẹ̀ ṣáájú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Òun ló tọ́jú rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, tó ń fọ aṣọ rẹ̀, tó ń gbé e lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó ní, "Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú nǹkan yẹn wọ ilé yìí."

Àwa náà kò dákẹ́. Ìṣirò ni a fi ṣáájú: a kọ owó ọkọ̀ tí à ń san lóṣù sílẹ̀, a kà á fún un. Ó ní owó kọ́ ni òun ń sọ. A rán àwọn àgbà sí i. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó gbọ́ wọn tán, ó ní òun kò gbà. Ni a bá gbé Àlùkùránì jáde. A rán an létí pé nínú Súrátù Nàhlì, Ọlọ́hun sọ̀rọ̀ nípa ẹṣin, ìbaaka àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí a ń gùn, àti nípa àwọn ohun mìíràn tí a kò mọ̀. A ní alùpùpù wà lára ohun tí a kò mọ̀ yẹn. Ó wò wá, ó ní, "Òótọ́ ni Ọlọ́hun sọ. Ṣùgbọ́n ẹṣin ní ojú, Àáfà. Bí ó bá rí kòtò, yóò yà. Alùpùpù kò ní ojú." Ẹnu wa wọhò.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, a ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn Hudaibiyah, èyí tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún kẹfà Híjírà. Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, pàṣẹ fún àwọn sàábé pé kí wọ́n pa ẹran wọn, kí wọ́n sì fá orí. Kò sí ẹni tó dìde, nítorí inú wọn bàjẹ́ pé àwọn kò rí Mẹ́kà wọ̀. Ó wọlé lọ sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀, Ummu Salamah. Ìyá wa yìí ló gbà á nímọ̀ràn pé kí ó jáde, kí ó má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kí ó pa ẹran tirẹ̀, kí ó sì pe ẹni tí yóò fá orí rẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn sì dìde. Bí a ti ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ni ojú ń ti àwa fúnra wa. Láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ alùpùpù ti bẹ̀rẹ̀, a ti bá ìyá àwọn ọmọ wa sọ̀rọ̀ púpọ̀, a kò tíì bi í léèrè ohunkóhun.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn ìrun ìṣáì, a bi í léèrè ohun tó ṣe àbúrò rẹ̀ gan-an. Ó ní ilẹ̀ ti ṣú. Èrò méjì ló gbé sẹ́yìn. Kò dé nǹkan kan sórí. Kò sì sọ ibi tó ń lọ fún ẹnikẹ́ni, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi rí i títí ilẹ̀ fi mọ́. A bi í pé bí a kò bá ṣe ọ̀kankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ńkọ́? Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ló sọ pé, "Kí ẹ kọ́ ọ dáadáa kí ẹ tó gbé e sí títì. Kí ẹ máa dé akoto, ìbáà ṣe mọ́sáláásí ni ẹ ń lọ. Ẹ má gbé ju ẹnì kan. Bí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú bá yín, ẹ sun ibẹ̀, kí ẹ sì pè mí." A gbà. Owó àjọ tó ń dá lọ́jà ló fi ra akoto náà fúnra rẹ̀.

Àwọn ènìyàn fi wá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní Àáfà ti di sójà. Kò pẹ́, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2009, Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọlọ́kadà tí kò bá dé akoto. Àwọn kan ń dé igbá, àwọn kan ń dé ike ọ̀dà, kí wọ́n lè fi tan ẹ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n torí ẹ̀ṣọ́ kọ́ ni a ṣe ń dé akoto. Àkójọ ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn gbé jáde ní 2008 fi hàn pé bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, akoto ń dín ikú kù ní ìwọ̀n 42 nínú 100, ó sì ń dín ìfarapa orí kù ní ìwọ̀n 69 nínú 100.

Àwa kò mọ iye wọ̀nyí nígbà náà. Ohun tí a mọ̀ ni pé nígbà òjò ọdún 2010, bí a ti ń bọ̀ láti Ìsẹ̀, táyà yọ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀, a sì fi orí sọlẹ̀. Akoto sán, orí wa kò sán. Apá wa bó, a sì ń tiro, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara wa la fi wọlé. Ìyá àwọn ọmọ wa gba akoto náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò, kò sọ pé òun ti sọ tẹ́lẹ̀. Ó kàn fi í kọ́ sára ògiri. Ó wà níbẹ̀ dòní. Ọmọ wa tó bá fẹ́ gun alùpùpù, abẹ́ rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti ń bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kì í ṣe gbogbo ìyàwó tó bá ní òun kò gbà ló ń ṣe oríkunkun. Ẹ bi í léèrè ohun tó rí. Ká ní agbára ọkọ ni a fi ra alùpùpù wa lọ́jọ́ náà, à bá ti rà á láìra akoto. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí á máa gbọ́ ara wa yé. Áámíìn.