Lassa: Ìlú tí ẹ̀kúté ba orúkọ rẹ̀ jẹ́

Àwọn àgbà ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ibà kan lórúkọ, ilé onílé ni wọ́n wò. Ní ìpínlẹ̀ Borno, ní ìjọba ìbílẹ̀ Askira/Uba, ni ìlú Lassa wà, láàárín àwọn ẹ̀yà Margi. Lónìí, béèyàn bá dárúkọ ìlú yìí, ibà ló ń wá sí àwọn èèyàn lọ́kàn.

Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1969 lọ̀rọ̀ ọ̀hún bẹ̀rẹ̀. Laura Wine, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn míṣọ̀n tó wà níbẹ̀, dùbúlẹ̀ àìsàn. Wọ́n gbé e lọ sí Jos, ibẹ̀ ló sì kú sí. Charlotte Shaw tó tọ́jú rẹ̀ kó àìsàn náà, òun náà bá a lọ. Ẹnì kẹta wọn, Lily Pinneo, nìkan ló yè é, lẹ́yìn tí wọ́n fi ọkọ̀ òfurufú gbé e lọ sí New York. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Yale ló rí kòkòrò àrùn náà, wọ́n sì sọ ọ́ ní Lassa.

Ta ló wá gbé e wọ̀lú? Iṣẹ́ àwọn tó ń tọpa àrùn tó ń ti ara ẹranko ran èèyàn nìyẹn. Wọ́n ń dẹ pàkúté sínú yàrá àti àká, wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ohun tí wọ́n bá mú wò. Lọ́dún 1972, ní Sierra Leone, ọwọ́ tẹ ọ̀daràn: ẹ̀kúté kan tí ọmú rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹ̀kúté yòókù lọ. Ara òun le koko, àmọ́ ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ló fi ń da ikú sórí oúnjẹ ọmọ aráyé.

Kí ará Ọ̀wọ̀ má ṣe rò pé Borno jìnnà o. Oǹdó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ibà yìí ti ń jà jù lọ, pẹ̀lú Edo àti Bauchi, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní í ráyè wọ̀ ọ́. Ẹ yéé sá gààrí sẹ́bàá ọ̀nà, ẹ wá ìdérí sí i, ẹ dí ihò ilé, ẹ má fọwọ́ lásán gbá ẹ̀kúté mú. Ìlú Lassa ò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ilé ẹ̀kúté ló yẹ kí wọ́n wò kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ.