Ọjọ́ Mẹ́ta ní Kútọnu

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ tèmi kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Oṣù méjì péré ni ó rìn kí òtítọ́ tó bá a, etí òkun Kútọnu ni ó sì ti bá a. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ fi etí sílẹ̀, kí n ròyìn ìrìn-àjò tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi lọ nígbà ìsinmi tó kọjá.

Èdè Faransé àti Yorùbá ni mo ń kọ́. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ oko ni ọ̀rẹ́ mi ń ṣe ní tirẹ̀. Bàbá Àgbẹ̀ ni gbogbo wa ń pè é. Ní ìparí sáà ẹ̀kọ́ tó kọjá, mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò àfẹnusọ Faransé. Kì í ṣe pé n kò kàwé. Bí mo ti jókòó níwájú àwọn olùdánwò ni ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ èrìgì, tí gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo há sórí sì fò lọ bí ẹyẹ tó gbúròó ìbọn. Nígbà tí Bàbá Àgbẹ̀ bi mí bó ti rí, mo ní mo yege. Inú rẹ̀ dùn ju tèmi lọ. Ó ní owó tí òun tù jọ láti ara ẹ̀fọ́ tí òun ń gbìn tà ni àwa méjèèjì yóò fi lọ ṣe fàájì ní Kútọnu, kí èmi ọ̀jọ̀gbọ́n lè máa ṣe ògbufọ̀ fún òun. Ẹ wo ọ̀ràn!

Ìdájí ọjọ́ Ẹtì ni a gbéra ní Ìbàdàn. Ní Èkó a wọ ọkọ̀ mìíràn tó ń lọ sí Sẹ̀mẹ̀. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Àgbádárìgì rí mọ̀ pé kì í fi ara ẹni sílẹ̀ láìfi ọwọ́ kàn án. Èèyàn tó ń dá ọkọ̀ dúró pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi kà wọ́n dé mẹ́tàdínlógún kí oorun tó gbé mi lọ. Nígbà tí a dé ibodè, aṣọ́bodè kan bi mí ní Faransé pé níbo là ń lọ. Ahọ́n mi tún lẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo na ìwé ìrìnnà wa sí i, ó lu òǹtẹ̀, a kọjá.

Bàbá Àgbẹ̀ ní, "Kí ló dé tí o kò dá a lóhùn?"

Mo ní, "Irú wọn kì í fẹ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀."

Báyìí ni irọ́ kan ṣe ń bí èkejì.

Láti ibẹ̀ lọ, ọ̀nà dán, òkun wà lápá òsì wa, igi àgbọn sì tò lọ bẹẹrẹ. Àwọn Fọ̀n sọ pé ìtumọ̀ Kútọnu ni ẹnu odò ikú, ṣùgbọ́n ìyè ni a bá níbẹ̀. Alùpùpù ń fò síhìn-ín sọ́hùn-ún bí eéṣú. Sẹ́mìjàn ni wọ́n ń pe àwọn tó ń fi í gbé èrò, èyí tí í ṣe "gbé mi kíákíá."

Lọ́jọ́ kejì, a lọ sí ọjà kan létí ọ̀sà, nítorí Bàbá Àgbẹ̀ fẹ́ ra irúgbìn ata. Ó tì mí síwájú ìyá kan. Mo ní, "Bonjour, madame," mo sì dúró síbẹ̀ bí ọkọ̀ tí epo tán nínú rẹ̀.

Ìyá náà wò mí títí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, sọ Yorùbá. Ará Kétu ni mí."

Mo mọ̀ nínú ìwé pé ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà ní 1889 ló sọ Kétu di ará ọ̀hún, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ni mo gbọ́ ọ létí. Mo jẹ́wọ́ fún un pé Faransé ni mo ń kọ́, ẹ̀rù rẹ̀ ló ń bà mí.

Ó ní, "Ọjà ni èmi ti kọ́ tèmi. Mo ṣì í sọ títí ó fi mọ́ mi lẹ́nu. Ó yá, ná ata yìí ní Faransé. Bí o bá gbà á, n ó dín owó. Bí o bá dákẹ́, n ó fi kún un."

Mo ná an. Mo ṣì í sọ lọ́nà mẹ́wàá, síbẹ̀ ó dín ẹgbẹ̀rún méjì fàráǹkì kù sí 1,500. Bàbá Àgbẹ̀ ń wò mí, kò sọ nǹkan kan.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, a jókòó sórí iyanrìn ní Fidjrossè. Mo sọ òtítọ́ fún un. Ó dákẹ́. Ó wá ní, "Owó ẹ̀fọ́ mi ni mo fi ń bá ọ yọ̀, kò sì sí ohun tí à ń yọ̀ sí?" Ó dìde, ó ń lọ létí omi títí n kò fi rí i mọ́. Èmi nìkan ni mo jókòó ti ariwo òkun, ojú sì tì mí ju ti ọjọ́ ìdánwò lọ. Nígbà tó padà, àgbàdo sísun méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó na ọ̀kan sí mi, ó ní, "Ìgbà wo ni àtúnṣe?"

Lọ́jọ́ kẹta, ó gbé mi lọ sí Àjàṣẹ́, ó ní n kò gbọdọ̀ sọ Yorùbá. A wo mọ́ṣáláṣí ńlá tí àwọn tó ti oko ẹrú Brasil padà kọ́ bí ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà. Gbogbo ẹni tí mo fi Faransé kí ní Àjàṣẹ́ ni ó fi Yorùbá dá mi lóhùn, tí ọ̀rẹ́ mi sì ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tí à ń bọ̀, aṣọ́bodè bi mí pé kí la lọ ṣe. Mo ní a lọ wo òkun. Òkun jẹ́ abo lẹ́nu Faransé. Mo sọ ọ́ di akọ. Ó tún un sọ fún mi bó ti tọ́, ó lu òǹtẹ̀. N kò kú.

Bí mo ti ń kọ èyí, ìdánwò àtúnṣe ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bó bá já sí rere, bó bá já sí òdì, Bàbá Àgbẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́, bó ti rí gan-an. Ata Kútọnu náà ti hù.