Ojú Kẹ́hìndé Ló Ṣí Fóònù Mi

Nínú yàrá wa ní họ́stẹ́ẹ̀lì, àríyànjiyàn lórí búráúsà kì í tán. Ẹnìkan á ní Chrome ń ṣọ́ wa. Ẹnìkan á ní Brave ni òun ń lò, torí kì í jẹ́ kí ìpolówó yọjú. Opera Mini ni wọ́n bá mi lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí mo wọlé, torí ó ń ṣọ́ dátà jẹ. Ìgbà tí mo dé fásitì ni mo tó mọ ohun tó ń mú dátà náà ṣẹ́kù: ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ Opera ló ń kọ́kọ́ gba ojú-ìwé tí mo fẹ́ kà, á fún un kéré, lẹ́yìn náà ni á tó fi ránṣẹ́ sí mi. Ẹni tó ń bá èèyàn di ẹrù, ó lè rí ohun tó wà nínú ẹrù. Bí a bá dé ibẹ̀ báyìí, kò ní ṣaláì sí ẹni tí yóò sọ pé, “Kí ni mo ní tí mo fẹ́ fi pamọ́? Ṣé olè ni mí ni?” N kì í fèsì. Èmi ti ní wíńdò Incognito tèmi.

Ọmọ Ìgbò-Ọrà ni mí, Táíwò sì ni orúkọ mi. Ẹ rọra rẹ́rìn-ín. Dókítà Nylander tó ṣèwádìí lórí ìbejì ní ilẹ̀ Yorùbá láàárín 1972 sí 1982 rí i pé nínú ìbí 1,000, ìbejì tó 45 sí 50, ìlú wa sì ni gbogbo ayé ń wá wò nítorí ẹ̀. Ohun tí àlejò kì í sábà mọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa kì í ṣe àjọra. Ẹyin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Èmi àti Kẹ́hìndé wà lára ìwọ̀nba tí ẹyin kan ṣoṣo pín sí méjì. Okùn pupa ni màámi máa ń so mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà tí a wà lọ́mọdé, kí wọ́n má baà bọ́ ẹnìkan lẹ́ẹ̀mejì. (Bí ọdún ìbejì bá dé, àwọn tó gbé kámẹ́rà wá á ní kí a dúró, kí a rẹ́rìn-ín. Mo ti rí àwòrán wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí a kò fi í sí. Kò sẹ́ni tó bi wá.)

Nígbà tí mo ra fóònù Android tí mo ń lò yìí, mo ní kí ó máa fi ojú mi ṣí. Ìkìlọ̀ kan yọ pé ẹni tó jọ mí gan-an lè ṣí i. Mo tẹ̀ ẹ́ kọjá. Ilé-iṣẹ́ Apple pàápàá, tó ní ẹnìkan péré nínú mílíọ̀nù kan ni ojú rẹ̀ lè ṣèèṣì ṣí iPhone ẹlòmíràn, ó sọ ọ́ kedere pé ti ìbejì yàtọ̀. Lọ́jọ́ kejì, Kẹ́hìndé gbé tèmi sójú, ó ṣí gbayawu. A rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wa.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn kan wá ṣe àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ọgbà. Láti kékeré ni wọ́n ti sọ fún màámi pé AA ni wá. Ó wà nínú ìwé kan tó ti gbó nínú àpótí wọn. AS ni tuntun yìí gbé jáde. Mo tún un ṣe níbòmíràn. AS náà ni. Bó bá jẹ́ èmi nìkan ló kàn, kò bá tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ Kẹ́hìndé ní oṣù méjì ṣáájú, AS sì ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Wọ́n ti jọ sọ ọ́ tán, wọ́n ní kò séwu, ṣebí AA ni ìyàwó. Bí AS bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé kí ọmọ náà jẹ́ SS.

N kò sọ fún un. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, mo máa ń ṣí Incognito, mo máa ń béèrè ohun kan náà lóríṣiríṣi ọ̀nà: ṣé jẹ́nótáìpù ìbejì tó jọra lè yàtọ̀? Ìdáhùn kò yí padà. Mo gbà pé ìwádìí mi wà ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ̀rín ni ó ń pa mí báyìí. Ní 2020 ni wọ́n gbé Google lọ sílé ẹjọ́ ní Kalifọ́níà lórí Incognito yìí gan-an, ní 2024 ilé-iṣẹ́ náà sì gbà láti pa ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù àkọsílẹ̀ rẹ́, kí ó sì la ọ̀rọ̀ yé àwọn èèyàn. Kò fi èèyàn pamọ́ fún ojúlé tó ń kà tàbí fún ẹni tó ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kìkì pé fóònù fúnra rẹ̀ á gbàgbé ni iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn bí ẹ bá pa wíńdò náà dé.

N kò pa á dé.

Ìsinmi ni mo lọ sílé. Kẹ́hìndé ń ránṣọ ní Èrúwà, ó sì wá kí wa lọ́jọ́ Sátidé. Mo wà nínú balùwẹ̀ nígbà tó mú fóònù mi láti ya àwòrán aṣọ kan. Nígbà tí mo jáde, orí bẹ́ẹ̀dì ló jókòó sí, kò sì gbójú sókè.

“Táyé, ta lo ń fi èyí pamọ́ fún?”

Mo ní àyẹ̀wò tèmi ni, ara tèmi ni, kí ló dé tó ń ka fóònù mi.

“Ara tìẹ? Ojú ta ni fóònù yìí rí tó fi ṣí?”

N kò rí èsì fọ̀ títí di òní. Òfin ìdáàbòbò dátà tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní 12 oṣù Kẹfà 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera àti ti àbùdá mọ́ ohun tó nílò ìṣọ́ra àrà ọ̀tọ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni olóhun? Kẹ́hìndé kò fún ẹnikẹ́ni lẹ́jẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ mi ti sọ tirẹ̀.

Kì í sì í ṣe ìbejì nìkan lọ̀rọ̀ yìí bá. Àǹtí wa kan yá owó lórí áàpù nígbà kan. Nígbà tí owó pẹ́ díẹ̀, èébú bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sórí fóònù tèmi, torí áàpù náà ti kó gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí fóònù wọn. Èmi kò yá kọ́bọ̀. Irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ ló mú kí àjọ NITDA bu ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé ayánilówó kan ní 2021, àti kí Google náà fòfin dè é ní 2023 pé áàpù ẹ̀yáwó kò gbọdọ̀ ka nọ́ńbà àwọn èèyàn mọ́. Ìdí nìyí tí ìbéèrè ọ̀rẹ́ wa ní họ́stẹ́ẹ̀lì fi ń bí mi nínú díẹ̀. “Kí ni mo ní,” ó ní. Nọ́ńbà ìyá rẹ̀ ńkọ́?

Inú ṣì ń bí mi pé Kẹ́hìndé kà á. Mo sì mọ̀ pé ọjọ́ àkọ́kọ́ ló yẹ kí n ti pè é. N kò tíì mọ bí méjèèjì ṣe lè wà pa pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wà bẹ́ẹ̀.

Ó lọ ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ohun tí òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ti bá ara wọn sọ látìgbà náà, tiwọn ni. Mo ka àròkọ yìí sí i létí lórí fóònù kí n tó fi ránṣẹ́, ó ní kí n dúró kí òun kọ́kọ́ bi ọkùnrin náà. Lálẹ́ ọjọ́ kejì ló pè mí padà. Gbólóhùn méjì ni wọ́n ní kí n yọ. Mo ti yọ wọ́n.