Torí gbèsè orí fóònù, wọ́n pe akọ̀wé lólè lójú ọ̀gá rẹ̀

20,000 náírà péré ni akọ̀wé kan ní Ìkẹjà yá lórí fóònù nígbà tára ọmọ rẹ̀ ò yá. Ọjọ́ ìsanwó fi ọjọ́ méjì kọjá, làwọn olówó bá gbéra. Àṣé wọ́n ti kó gbogbo nọ́ńbà inú fóònù rẹ̀! Wọ́n pe ọ̀gá rẹ̀, wọ́n pe ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, wọ́n lólè ni. Ológò ayé àtijọ́ tiẹ̀ sàn, ilé onígbèsè nìkan nìyẹn ń jókòó tì.

Ni obìnrin bá ń sunkún nídìí tábìlì. Ọ̀gá ní: "Nu ojú ẹ, jàre. Ṣó o mọ̀ pé FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà, ti ṣòfin lọ́dún 2025 pé wọn ò gbọ́dọ̀ máa halẹ̀ mọ́ onígbèsè báyìí?" Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n kọ̀wé ẹ̀sùn.

Ó san owó náà tán níparí oṣù. Àmọ́ ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ò kí i bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.